Ta Ni Ó Ní Kí A Fọ́ Bàtà Ọdẹ?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni ẹ ń retí lọ́wọ́ mi, n kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó ń hó nínú mi. Ọ̀rọ̀ bàtà ni. Bàtà ọdẹ ni mo ń wí, búùtù aláwọ líle tí ó ga dé ojúgun, èyí tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń wọ̀ lọ sí igbó lóde òní.

Ní Ìyìn-Èkìtì, ìlú wa, n kì í pẹ́ délé láti Adó ní òpin ọ̀sẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan: "Mo fẹ́ bírèékì búùtù mi." Ẹni tí ó ra tuntun ń sọ ọ́, ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ ń sọ ọ́, ẹni tí wọ́n fún lọ́fẹ̀ẹ́ náà ń sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yìí ń ba bàtà jẹ́, ó ń ba ẹsẹ̀ jẹ́, bí a kò bá sì ṣọ́ra, yóò gba ẹ̀mí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ kà á tán ná.

Ẹ wo ohun tí ojú bàtà ń rí lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan yóò gbé omi ka iná títí yóò fi hó, yóò dà á sínú bàtà tuntun, yóò jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, yóò wá dà á nù, yóò ti ẹsẹ̀ bọ bàtà náà ní tútù, yóò ní òun yóò máa rìn kiri títí yóò fi gbẹ mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn yóò gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran, kí ooru lè mú un rọ̀. Ẹlòmíràn yóò da kẹrosíìnì sí i ní gìgísẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó fi ọmọ odó gún ẹ̀yìn bàtà bí ẹni ń gún iyán, mo sì ti rí ẹni tí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí ó fi táyà ọ̀kadà gun orí rẹ̀ lọ, gun orí rẹ̀ bọ̀. Ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú gbogbo èyí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe é: yóò wọ bàtà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó rà á, yóò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ igbó lọ títí di ọjọ́ kejì.

Bí mo bá bi wọ́n pé èé ṣe, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi. Wọ́n ní bírèékì ni wọ́n ń bírèékì rẹ̀. Wọ́n kò sì parọ́. Wọ́n ń fọ́ ọ ni lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ iṣẹ́ mi díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kì í fọ́ bàtà wọn bí wọ́n bá lò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹṣin tí a ń kọ́ kí ó lè gba gàárì, wọn kì í sì í ṣẹ́ ẹṣin náà lẹ́sẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni kí ohun tí kò tíì mọ ènìyàn di ohun tí ó mọ ènìyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ré òkun dé ọ̀dọ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ yìí kò bá a wọ ọkọ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé àwo tí ó bá já bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ohun tí ọmọ wa gbọ́ náà ni ó ń fi ọwọ́ ṣe.

N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o. Èmi gan-an ni mo kọ búùtù, kẹrosíìnì àti táyà sókè yìí, ọ̀fun kò sì dùn mí. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a yá, pẹ̀lú ohun tí ó ń jẹ́ ni ó máa ń wọlé, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí a máa yẹ̀ wò kí a tó yá a, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan ni ó máa ń gbé wá. Bí a bá ti ní ọ̀nà tiwa, tí tiwa sì dára ju èyí tí a yá lọ, kí ni a ń wá lọ sí ìta?

A sì ní tiwa. Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: "Bàtà náà ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Ẹ wo gbólóhùn yìí dáadáa. Ta ni olùwà? Bàtà ni. Ta ni àbọ̀? Èmi ni. Bàtà ni ó ń ṣiṣẹ́, èmi ni iṣẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń mọ́ ọmọdé lẹ́nu, bí ọkọ́ ṣe ń mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, bí orin ṣe ń mọ́ wa létí, bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà ṣe ń mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a lè fi agbára mú kí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìgbà ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "mo bírèékì bàtà," èmi ti di olùwà, bàtà ti di àbọ̀ tí ó ń jìyà, mo sì ti lè fi òòlù ṣe é tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Kò tán síbẹ̀. Bàtà tí kò tíì mọ́ni lẹ́sẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí ó ń gbà fi ara rẹ̀ hàn, èdè wa sì ya wọ́n sọ́tọ̀ fínnífínní. Ó lè fún mi lẹ́sẹ̀, ìyẹn ni pé àyè kò gbà mí nínú rẹ̀. Ó lè máa ha mí lẹ́sẹ̀, ìyẹn ni pé àyè wà ṣùgbọ́n awọ ń fi ara gbo awọ. Ó sì lè jẹ mí lẹ́sẹ̀, nígbà tí ó ti yọ ẹran lára mi. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti mọ ohun tí yóò ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ń fúnni, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á, nítorí bàtà aláwọ lè fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í gùn sí i. Èyí tí ó ń hani, sùúrù ni oògùn rẹ̀. Èyí tí ó ti jẹni, kí a bọ́ ọ kíákíá. Ọmọ tí ó ń bírèékì kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Omi gbígbóná kan náà ni ó ń dà sí gbogbo wọn.

A tún ní "tù lójú." Ẹran ìgbẹ́ tí ọdẹ bá mú wálé láàyè, a kì í fọ́ ọ, a máa ń tù ú lójú ni: a ó fún un ní koríko, a ó jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn wa, a ó fi í sílẹ̀, a ó tún padà lọ bá a. Awọ tí ó wà lára bàtà yìí, ẹran ni ó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò rò pé ó burú kí a fi irú sùúrù kan náà bá a lò.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ìṣẹ́jú kan, nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò kọ̀wé sí mi pé ọ̀rọ̀ bàtà fúnra rẹ̀ àyálò ni, pé lára ilé-iṣẹ́ Bata ni a ti rí i. Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Zlín, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Czech lónìí. Ajayi Crowther ti kọ bàtà sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbàdúrà fún àwọn ọba wa pé kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Orúkọ ìdílé ọkùnrin náà kàn ṣe kòńgẹ́ ọ̀rọ̀ wa ni. Ó tán. Kí ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé náà fi ọwọ́ rẹ̀ sinmi.

Ó dára, a padà sí orí awọ. Bí èdè nìkan bá ni ẹjọ́ mi, ẹ lè ní olùkọ́ èdè ni mí, ohun tí mo ń jẹ ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo awọ fúnra rẹ̀. Okùn tín-ín-tìn-tín ni awọ, ẹgbàágbèje wọn, tí wọ́n hun ara wọn mọ́ra ju ẹní àti agbọ̀n lọ. Àwọn tí ń ṣe awọ máa ń fi nǹkan kan di àwọn okùn wọ̀nyí mú kí wọ́n má baà jẹrà. Ní Kánò láti ayébáyé, èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ni wọ́n ń lò, awọ ewúrẹ́ pupa tí ó ti ilẹ̀ Hausa la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí àríwá ni àwọn Òyìnbó ń rà tí wọ́n sì ń pè ní awọ Morocco. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òde òní ń lo iyọ̀ kirómíọ̀mù ní tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá fi òróró sí i, kí okùn kọ̀ọ̀kan lè máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Òróró yìí ni ó ń jẹ́ kí awọ lè tẹ̀ láìya.

Nígbà tí ẹ bá da omi híhó sínú bàtà, ohun méjì ni ẹ ń ṣe. Awọ tí wọ́n fi èso tàbí èèpo igi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí súnkì bí ooru bá dé nǹkan bíi 70 sí 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi híhó sì jẹ́ 100. Bí ó bá ti súnkì báyìí, kò sí àtúnṣe mọ́. Yóò le gbagidi bí igi bí ó bá gbẹ. Awọ kirómíọ̀mù lè fara da ooru náà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yóò sì la ẹnu nínú igbó ní ọjọ́ tí ẹ kò retí. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ ń fọ òróró kúrò lára awọ, ó sì ń tú gọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbẹ́ iná ń gbẹ awọ títí yóò fi sán, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń fa omi lára ohun gbogbo, tí ètè wa gan-an ń sán. Ọmọ odó ń fọ́ páálí líle tí wọ́n fi sínú ẹ̀yìn bàtà láti di gìgísẹ̀ mú, ibi tí ó bá ti fọ́ náà ni yóò ti máa gún ẹni tí ó wọ̀ ọ́ títí tí yóò fi jù ú nù. Ní kúkúrú, bàtà tí wọ́n bá "bírèékì" ní ọjọ́ kan máa ń rọ̀ ní ọjọ́ kejì, a sì máa ya ní oṣù kẹta. Wọn yóò wá ní àwọn ará Ṣáínà ni kò mọ bàtà ṣe.

Ẹjọ́ kejì tí wọ́n máa ń bá mi rò, ti akọni ni. Wọ́n ní ìyà ni ọdẹ ń jẹ, pé ẹni tí bàtà kò bá jẹ lẹ́sẹ̀ rí kì í ṣe ọkùnrin. Wọ́n tilẹ̀ ń fi òwe tì í lẹ́yìn: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Wọ́n ṣi òwe lò. Ìyà tí òwe náà ń sọ ni ìyà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: òjò, ẹ̀gún, àìsùn, ẹran tí a tọpa rẹ̀ títí tí a kò rí i. Kò sí àgbà ọdẹ kan tí ó ń gbé ìyà kún ìyà láti ilé lọ. Àgbà ọdẹ ni ó mọ̀ pé búùtù tí kò tíì rọ̀ máa ń dún nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, pé ọ̀yà yóò ti gbọ́ ọ kí ọdẹ tó rí ìtì koríko tí ó sá pamọ́ sí.

Wọ́n á tún ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú iṣẹ́ sójà. Ẹ jọ̀wọ́, ìlú wa mọ sójà. Ìlú wa ni ìlú Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, tí ó ṣe gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti ọdún 1966 títí di 1971. Iṣẹ́ ológun níbi gbogbo, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ìrìn kún ìrìn fún ẹni tuntun. Ọ̀gá tí ó bá wọ búùtù tuntun fún ọmọ ogun rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó sì ní kí ó rin ogún máìlì ní ọ̀sán, kò ní ní ọmọ ogun tí yóò jà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì jagun. Bàtà kọ́ ni ó sọ wọ́n di akọni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ẹ̀rín nìyí. Ọdẹ òde òní kì í ṣe ẹni tí ó ń wá ẹran nìkan mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọdẹ ti di ẹni tí a ń ké sí nígbà tí ewu bá dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì nínú àwọn ọba Èkìtì, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, ní ọjọ́ kan náà, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùrẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé gbàgbé ní ìpínlẹ̀ wa. Ta ni ẹ rò pé ó ń wọ inú igbó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ wa wọ̀nyí ni, pẹ̀lú bàtà tí ó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó kò lè lé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá lé òun náà, kò lè sá.

Mo mọ ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí bàtà tuntun jẹ lẹ́sẹ̀ méjèèjì nínú igbó, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé. Ìléròrò ni ó kọ́kọ́ yọ, ó bẹ́, ibi tí ó bẹ́ náà bó, ibi tí ó bó náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó so okùn rẹ̀ pọ̀, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn wálé lórí kùkùté àti òkúta. Egbò náà gbà kòkòrò, ẹsẹ̀ wú, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé láìlè wọ bàtà kankan, ìyá rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Orí ni ó kó o yọ lọ́wọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Orí ni ó sì kó o yọ lọ́wọ́ ejò, nítorí ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ejò ti ń bu ènìyàn jẹ, ìdí pàtàkì tí ọdẹ fi ń wọ búùtù tí ó ga sì nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé kò kà sí ní ọdún 2017, ẹni tí ó bá sì ti wá oògùn ejò kiri rí mọ̀ bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó, tí ó sì wọ́n tó. Búùtù tí ó ga dé ojúgun lè gba ènìyàn lọ́wọ́ eyín paramọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́rùn kò lè gba ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Kò le. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdẹ paraku ni, kò sì lọ sí iléèwé rí. Bí ó bá ra bàtà aláwọ tuntun, yóò fi òrí díẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, yóò fi pa ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́ po, ní iwájú lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti ní ọrùn ẹsẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Àwọn tí ń ki bàtà bọ inú epo pupa ń pe eku àti èèrà wá jẹun ni, awọ tí ó bá sì mu epo yó kì í lè di ẹsẹ̀ mú mọ́. Lẹ́yìn náà yóò wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn, yóò de okùn bàtà títí dé òkè, yóò sì fi wọ́n bọ́ ewúrẹ́ nínú àgbàlá fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Yóò bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ní ti ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko itòsí. Nígbà tí yóò bá fi pé oṣù kan, kò ní rántí mọ́ pé òun wọ bàtà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ra bàtà, kì í ṣe òwúrọ̀, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí a bá ti rìn láti àárọ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa wọ̀ sí i dání lọ sí ìsọ̀. Ọmọ ìka tí ó gùn jù gbọ́dọ̀ jìnnà sí orí bàtà tó ìbú àtàǹpàkò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ni èékánná yóò dúdú. Bí òjò bá pa bàtà, ẹ ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Bí ibì kan péré bá ṣì ń hani ní orí kókósẹ̀, ẹ gbé e lọ fún aránbàtà, igi tí ó fi ń na bàtà lè mú ibẹ̀ nìkan fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kò pin sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ó kan àwọn tí ń ra bàtà fún wọn. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà dàgbà máa ń fẹ̀ níwájú ju ẹsẹ̀ ẹni tí ó ti ń wọ bàtà láti kékeré lọ. Ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ níwájú pọ̀ ní oko àti ní abúlé wa. Igi tí wọ́n fi ń mọ bàtà ní òkè òkun, ẹsẹ̀ tóóró ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Síbẹ̀, ẹni tí a bá fún ní owó láti ra bàtà fún ogójì ọdẹ, yóò dé ọjà, yóò ra nọ́ńbà 42 ogún, nọ́ńbà 43 ogún, kò ní wọn ẹsẹ̀ ẹnìkan. Yóò kó wọn lé ọmọ aráyé lọ́wọ́, yóò ya fọ́tò, yóò sì lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 44 yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbé omi ka iná. Bí a kò bá lè wọn ẹsẹ̀ ogójì ènìyàn pẹ̀lú okùn àti ìwé, kí ni a lè wọ̀n?

Tòkunbọ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ti mọ́. Èyí tí ó tún wá burú jù ni pé ọ̀pọ̀ búùtù wọ̀nyí ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ike náà láti inú wá bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ ó rí i tí ó ń dán lórí tábìlì ní Ọjà Ọba ní Adó, lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ mẹ́ta yóò máa ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí àkàrà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú èékánná. Bí ó bá gbà yín láyè tí kò sì ta padà, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe bàtà kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Àbá ń ṣe é ní ọjà Ariaria, ọjà awọ wà ní Muṣin, ìjọba àpapọ̀ sì ní ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ awọ ní Samaru ní Zaria. Aránbàtà wa ní Ìyìn pàápàá lè ṣe búùtù ọdẹ bí ẹnìkan bá fún un ní iṣẹ́ náà tí ó sì fún un ní ẹsẹ̀ tí yóò wọ̀n. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ẹnìkan yóò ní kí gbogbo wa kúkú máa wọ réènbúùtù, pé òun kò ní wàhálà. Fún àgbẹ̀ tí ó ń lọ sí àkùrọ̀, mo gbà. Fún ẹni tí yóò gun òkè wa wọ̀nyí láti Ìyìn títí dé ẹ̀yìn Àràmọ̀kọ, n kò gbà: ó ń mú ẹsẹ̀ làágùn, ẹsẹ̀ tí ó làágùn ni ó sì ń tètè yọ ìléròrò, kì í sì í di ọrùn ẹsẹ̀ mú lórí àpáta. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní sùúrù oṣù kan, kí ó wọ̀ ọ́. Ó sàn ju omi híhó lọ.

Oṣù kọkànlá, nígbà tí koríko bá gbẹ tí iná sì bẹ̀rẹ̀ sí jó igbó, ni àwọn ọdẹ wa yóò máa jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tí bàtà tuntun rẹ̀ bá ṣì wà nínú páálí, kí ó yọ ọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó de okùn rẹ̀ dáadáa, kí ó sì lọ fi bọ́ ewúrẹ́.